Ọjọ́ Tó Ṣáájú Ìnáwó Ni Ọjọ́ Tèmi

Wákàtí tí èèyàn pàdé èèyàn, àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé, ló ń pinnu bóyá ìpàdé náà á rẹ̀ ẹ́ tàbí kò ní í rẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó yé mi. Mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ bíi tèmi, tó ń gbé láàárín ẹbí ńlá, tètè mọ̀ ọ́n.

Èmi kì í ṣe onítìjú o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀ ni mò ń dúró níwájú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, ohùn mi kì í sì í gbọ̀n. Ojú èèyàn ni onítìjú ń bẹ̀rù, èmi ò bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà láàárín èrò fún bíi wákàtí méjì, tí orin ń dún, tí ẹni mẹ́ta ń bá mi sọ̀rọ̀ pọ̀, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, mi ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, inú á sì máa bí mi sí ohun tí kò tó nǹkan. Tí mo bá délé, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo jókòó ní èmi nìkan, ara mi á bọ̀ sípò. Ọkọ mi ní tirẹ̀, ìgbà tó bá ti òde dé ni ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Á fẹ̀yìn ti àga, á máa ròyìn gbogbo ẹni tó rí àti bí onígángan ṣe lu oríkì ilé wọn fún un. Àsìkò yẹn gan-an ni èmi ń wá ibi tí mo máa gbórí lé. Òde kan náà la sì jọ lọ.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́kọ́ kà pé irú wa wà káàkiri ayé. Carl Jung, dókítà ará Switzerland, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1921. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ọkàn wọn máa ń yí sí inú àti àwọn tí ọkàn wọn máa ń yí sí ìta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè wá, introvert, ti tàn ká. Lọ́dún 1967, Hans Eysenck, tí wọ́n bí ní Jámánì tó sì ṣiṣẹ́ ní London, dábàá pé ọpọlọ irú wa ti máa ń wà lójúfò ju ti àwọn yòókù lọ kí èrò tó dé rárá. Ó ní ìdí nìyẹn tí ariwo díẹ̀ fi ń kún un, tí ẹni tí ọpọlọ tirẹ̀ rọlẹ̀ sì ń wá ariwo kiri kí ara rẹ̀ lè yá. Gbogbo àlàyé rẹ̀ kọ́ ni àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e gbà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì wà láàárín méjì, tí wọn ò sí lápá ibì kankan. Síbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kà á. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé mo gbéra ga, pé mo ń ṣe bíi pé ẹnikẹ́ni ò tó mi bá sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé ìwà mi ò burú, bí ara mi ṣe ń ná okun rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kò sọ bí èèyàn ṣe máa gbé irú ara bẹ́ẹ̀ wọ agbo ilé Yorùbá.

Agbo ilé tí mo fẹ́ sí wà ní àdúgbò Òkèlérìn. Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tó ti Gáná bọ̀ lọ́dún 1969, nígbà tí Busia, tó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ nígbà náà, ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n kó ẹrù wọn. Àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn tó kó bọ̀ nígbà náà, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò ní Tamale àti àwọn ìlú òkè Gáná yòókù. Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń kó wọ ilé baba wọn, yàrá kan sí ìdílé kan. Ìyá ní lákòókò yẹn, ẹni tó bá dákẹ́ nínú ilé, àìsàn ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo wọ yàrá lọ, kò ní pẹ́ tí màá fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́?”

Màá kúnlẹ̀, màá ní, “Ìyá, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí o. Mò ń sinmi ni.”

“Ìsinmi wo? Wá bá wa jókòó níta, afẹ́fẹ́ ń fẹ́.”

Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, mo sì mọ̀. Kànga ló bá wa parí ọ̀rọ̀ náà. Omi kànga inú agbo ilé wa kì í pọ̀ lásìkò ọyẹ́. Láàárọ̀, wọ́n á fà á títí korobá á fi máa gbé ẹrẹ̀ wá. Ìyá á wá gbé páànù bò ó, á gbé òkúta lé e, á ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi á ti sun padà, á mọ́ kedere. Lọ́jọ́ kan tó ń gbé páànù náà bò ó, mo bá a gbé òkúta, mo ní, “Ìyá, bí ara tèmi ṣe rí nìyí. Ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ti fà á láti àárọ̀.” Ó wò mí, ó wo kànga, ó ní, “Háà! Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?” Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè mi lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n padà wá nírọ̀lẹ́.

Àwọn kan rò pé ìkíni wa ló máa ń le fún èèyàn jẹ́jẹ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ìkíni Yorùbá ń ran irú wa lọ́wọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú àtijọ́. Èèyàn ò ní láti máa wá ohun tó máa sọ. Màá kúnlẹ̀, màá kí wọn, wọ́n á súre, màá ṣe àmín, ó parí, ìfẹ́ sì ti dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, tí a jókòó tì fún wákàtí mẹ́ta, ló ń tán mi lókun. Nítorí náà, mo máa ń kí èèyàn dáadáa. Kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo ti yí agbo ilé ká, láti ọ̀dọ̀ ìyálé ilé títí dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń gbé yàrá ìkángun. Kì í pẹ́ rárá. Àgbà tí mo ti kúnlẹ̀ kí ní kùtùkùtù kì í béèrè pé ibo ni mo wà tó bá dalẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó ni ó gba ọgbọ́n jù. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Jos, ní Kaduna, gbogbo wọn á ya wálé. Ìgbà náà ni wọ́n ń ṣe ìsìnkú àgbà, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìṣílé, àtíbàbà á gba gbogbo ojú títì. Ìgbà míì a máa ń rí ìnáwó mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo, tí kò sì sí èyí tí a lè yọ sílẹ̀ nínú wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni ni.

Mo máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba irú wa pé kí a kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ìmọ̀ràn náà lè wúlò níbi tí kálukú ti ń gbé ilé tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹnikẹ́ni. Níbí, ta ni mo fẹ́ sọ rárá fún? Ìyá tó wẹ ọmọ mi láti ọjọ́ tí mo bí i? Owó náà kò lè dúró fún ẹsẹ̀. Èèyàn lè ra aṣọ ẹbí kó sì fi owó ránṣẹ́, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tí wọn ò rí ni wọ́n máa sọ.

Ohun tí mo wá rí ni pé ọjọ́ ìnáwó gan-an ni ojú ẹni kò níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ojú onínàáwó ti ń ṣe bàìbàì, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kí i, kò sì lè rántí ẹni tó pẹ́ tàbí ẹni tó yá. Àná ọjọ́ náà ló máa ń rántí.

Èmi a máa lọ ní àná. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin ilé á ti pín iṣẹ́. Àwọn tó ń ge àlùbọ́sà wà lápá kan, àwọn tó ń nu ewé mọ́ínmọ́ín wà lápá kejì. Ọkà àti ọbẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún wa kí iṣẹ́ tó ki wá mọ́lẹ̀. Ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété ni wá, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ìdí ẹ̀wà ni mo máa ń yàn. A máa ń jókòó ẹni méjì tàbí mẹ́ta yí ọpọ́n kan ká, a ó máa ṣa òkúta àti èérún kúrò nínú ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ á jáde bó bá fẹ́ jáde. Bí kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló ń ṣe ọ́, torí ọwọ́ rẹ ò dúró. Ìdí ọpọ́n ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, láìgbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ọdún tí òun fi ń wá ọmọ, ohun tí wọ́n sọ sí i, àwọn ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Èmi náà ń ṣa. Nígbà tí a ṣa ẹ̀wà náà tán, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, mi ò tíì sọ èyí fún ẹnì kankan nínú ilé yìí.” Ta ni ìbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí gbohùngbohùn ń pariwo?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fúnra rẹ̀, mo máa ń débẹ̀ kí wọ́n tó to àga tán. Màá wọlé lọ bá onínàáwó kí wọ́n tó wé gèlè fún un, màá kúnlẹ̀, màá fi owó tí mo mú wá lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, màá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù.

Iṣẹ́ yàrá ẹrù yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìyanu ló sì ń jẹ́ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú. Ibẹ̀ ni míńírà wà, àti omi inú ọ̀rá, páálí omi, àwọn ike àti abọ́ tí wọ́n fẹ́ pín fún àlejò. Mo máa ń mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan dání, màá fa ìlà sí i: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ẹni tó gbà á. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn: “Ẹ bá wa fún àwọn àlejò Jos ní páálí omi méjì.” Màá kọ ọ́, màá gbé e fún un, a ó kí ara wa, ilẹ̀kùn á padé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹlòmíràn á dé. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ti rí gbogbo ẹbí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú kojú, a sì ti bá ara wa sọ̀rọ̀ tó nídìí. Orin ń dún lẹ́yìn ògiri, kò dé ọ̀dọ̀ mi tán. Tí ìnáwó bá parí, màá ka ohun tó ṣẹ́ kù, màá fi wé ìwé mi, màá kó o lé onínàáwó lọ́wọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, míńírà kò dín, omi kò dín. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìnáwó nínú ẹbí wa, wọ́n á ti ní, “Ìyàwó olùkọ́ ló ni yàrá ẹrù.” Ẹnikẹ́ni ò tún sọ pé mi ò dá sí nǹkan ẹbí mọ́.

Níbi tí mi ò bá ti ní iṣẹ́, bí ìnáwó ọ̀rẹ́ tàbí ti ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tètè wá, tètè lọ ni mò ń ṣe. Bí mo bá ṣe ń dé ni mo ti ń sọ fún onínàáwó pé mi ò ní pẹ́. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó fẹ́ lọ kó tó sọ ọ́, wọ́n á dì í mú pé kò tíì jẹun. Tí oúnjẹ ò bá tíì dé, màá ní kí wọ́n di tèmi fún mi, inú wọn á dùn. Mi ò sì jẹ́ fi àìsàn ṣe àwáwí láé. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, ẹni tó bá ní ara òun ò yá nílùú yìí, ilé rẹ̀ ni èrò máa wọ́ lọ pẹ̀lú ọsàn àti àdúrà, títí di alẹ́.

Ní ti fóònù, mo ti pa ìró gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí. Mo máa ń kà á lálẹ́. Ẹni tó bímọ tàbí tó ṣọ̀fọ̀, mo máa ń pè é fúnra rẹ̀, tàbí kí n lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìnáwó, èmi àti ọkọ mi ti ní àdéhùn. Òun ló ń gba àlejò ní pálọ̀, èmi a máa gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ mọ̀ pé tí màmá bá wà lábẹ́ máńgòrò, àfi bí iná bá ń jó. Wákàtí kan, nígbà míì méjì, ara mi ti padà. Tí mi ò bá rí àyè yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kíláàsì mi lọ́jọ́ Ajé ló máa jìyà rẹ̀, torí náà mi ò kà á sí fàájì.

Ọjọ́ kan ń bẹ ṣá, tí gbogbo ètò yìí á ní láti dúró. Ìyálé mi yìí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú. Ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹnikẹ́ni kì í ronú ìsinmi nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé kún, ẹkún gba gbogbo ilé, èmi náà ò kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń sọ̀rọ̀: pé kó mú ọkàn le, pé Ọlọ́run ló fún ni, pé kó má sunkún mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn kan nínú wọn tọ̀nà jíjìn wá. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn èèyàn ń lọ, mo dìde kí n lọ wo àwọn ọmọ mi. Ó di wrapper mi mú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n sun ibẹ̀. Mo sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà àti ní àwọn alẹ́ tó tẹ̀lé e. Tó bá sunkún, mo wà níbẹ̀. Tó bá dákẹ́, mo wà níbẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì wá ọ̀rọ̀ kiri. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n fi ń bú mi ní kékeré, òun gan-an ni obìnrin yìí nílò, nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà. Ó rẹ̀ mí lẹ́yìn náà, ó rẹ̀ mí gidi, mi ò sì kábàámọ̀ wákàtí kankan nínú rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin jọ mí. Ó ti wọ LAUTECH báyìí, yunifásítì tó ti wà nílùú wa láti 1990, ó sì ní òun fẹ́ gbé nítòsí kíláàsì, ló bá gba yàrá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá mọ Under G mọ ariwo: jẹnẹrétọ̀ níhìn-ín, orin lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ tí kì í sùn. Láàárín oṣù àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ti jìn tó bá wálé, kì í lè jẹun. Ó ní òun fẹ́ fi gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀, kóun máa lọ kíláàsì kóun sì máa bọ̀ nìkan. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá dá nìkan wà pátápátá, ọjọ́ tó bá nílò èèyàn kò ní rí ẹni pè. Mo ní kó wá iṣẹ́ kan tó ṣáájú èrò. Ó gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn. Kí àwọn yòókù tó dé ló ti ń to wáyà, òun àti ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìsìn bá ń lọ, ìdí ẹ̀rọ ló wà, kò sẹ́ni tó ń fà á síwájú.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n sì fẹ́ pe èèyàn púpọ̀. Ó ti sọ fún wọn pé òun lòun máa se ìrẹsì, pé láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lòun ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ge ata àti àlùbọ́sà, kí ẹni tó bá fẹ́ wá ran òun lọ́wọ́ wá nígbà yẹn. Ó béèrè bóyá òun lè yá ìkòkò ńlá wa. Mo ti fọ̀ ọ́, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi ló máa bá a gbé e lọ.